Bàbá Tó Ní Omi Yóò Pa Ọkàn Òun

Bàbá arúgbó kan ni mo ń tọ́jú ní Padova, nílẹ̀ Ítálì. Olùkọ́ ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ọgbọ́n àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan, àmọ́ wọn kì í bá èèyàn jà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo po omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo ní, "Professore, ẹ jẹ́ ká wẹ̀." Wọ́n di ilẹ̀kùn mú pinpin.

"Rárá o, signora. Iná ni ọkàn èèyàn. Bí omi bá dé ibẹ̀, ó kú nìyẹn."

Mo rò pé ibà ni. Mo fọwọ́ kan iwájú orí wọn, kò gbóná. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi fà á. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé àdúrà, àwọn ará sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké pe iná Ẹ̀mí Mímọ́. Ìyẹn tún da orí mi rú. Ṣebí iná yìí náà ni bàbá ní àwọn ń dáàbò bò?

Ọmọbìnrin mi tó ń lọ sí liceo, ilé ẹ̀kọ́ girama wọn níbí, ló bú sẹ́rìn-ín. "Mamma, è filosofia! Ìmọ̀ ọgbọ́n orí àwọn Gíríìkì ni!" Ó ní ọlọ́gbọ́n kan ló sọ bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Ẹlòmíràn ti sọ ṣáájú rẹ̀ pé inú omi ni ohun gbogbo ti wá, pé ayé gan-an léfòó lórí omi bí ìtì igi. Ẹnìkan ní afẹ́fẹ́ ni. Ẹnìkan tún ní iná, omi, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀ ni, ìfẹ́ ló ń so wọ́n pọ̀, ìjà ló ń tú wọn ká.

"Èwo wá ni òótọ́ níbẹ̀?"

"Nessuno." Kò sí ìkankan.

"Kí ló dé tí wọ́n fi ń kọ́ yín?"

Ó sọ èjìká, ó padà sídìí fóònù rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo dúró níwájú bàbá. "Professore, ẹni tó ní inú omi ni gbogbo nǹkan ti wá ńkọ́?"

Ojú wọn là. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Ọmọ mi ni."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi, ọ̀rọ̀ ń já geere lẹ́nu wọn. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń tú bọ́tìnì ẹ̀wù wọn. Kí wọ́n tó kan ẹni tó ní afẹ́fẹ́ ni, wọ́n ti wà nínú omi, mo sì ń fọ ẹ̀yìn wọn.

Wọ́n yíjú sí mi lójijì. "Signora, bí ilẹ̀ bá léfòó lórí omi, kí ni omi dúró lé?"

"Ọlọ́run ló gbé e ró."

"Kí ni Ọlọ́run dúró lé?"

Mo bu omi sí wọn lẹ́yìn. Omijé ń bọ́ lójú wọn. Mi ò mọ̀ bóyá ìbéèrè náà ni àbí ọṣẹ.

Bàbá ti kú báyìí. Mo bi pásítọ̀ wa ní ìbéèrè wọn, wọ́n ní kí n ka Jẹ́nẹ́sísì. Mo kà á. Mo bá omi níbẹ̀ kí ìyàngbẹ ilẹ̀ tó yọ, mi ò sì rí ibi tí wọ́n ti sọ ìgbà tí a dá omi náà. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni.