Nígbà tí Mo Ya Odi ní Yarnton Way

Òórùn ẹ̀wù òjò tútù ló gba gbogbo gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ wa ní Thamesmead, nílùú Òyìnbó, láàárọ̀ ọjọ́ tí tíṣà Faransé fi fíìmù aláìlóhùn kan hàn wá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Fíìmù àtijọ́ ni, àwọn Faransé ló ṣe é, lórí obìnrin kan tí òkun gbé ọkọ rẹ̀ lọ. Olùdarí fíìmù náà ò fi òkú hàn wá, kò fi òkun hàn wá. Ojú obìnrin náà nìkan ló gbé sún mọ́ wa, tó fẹ̀ tó ògiri, tí iná àbẹ́là ń tàn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, títí omijé kan ṣoṣo fi rọra yọ. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè mí.

Mo gbé àrà olùdarí yẹn délé, sí fúláàtì wa ní Yarnton Way. N ò sọ̀rọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá pè mí, màá kọ́kọ́ wo fèrèsé, kí n tó wá rọra yíjú padà. Bẹ́ẹ̀, láti kékeré ni ìyá mi, tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, ti ń bẹ̀ mí pé kí n panu mọ́: "Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́." Ìgbà tí mo wá gbọ́ràn, ẹ̀rù bà á.

"Ta ló fún ẹ ní nǹkan jẹ ní school?"

Mo wo fèrèsé.

Lọ́jọ́ Sunday, ó mú mi lọ bá wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa. Wòlíì ní ẹ̀mí odi ni. Wọ́n tan àbẹ́là sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi, inú mi sì dùn, nítorí kò sí iná tó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbójú sókè díẹ̀díẹ̀, omijé kan bọ́. Ìjọ bú sí alelúyà.

Ìgbà náà ni mo rí ojú ìyá mi. Kò pariwo, kò gbàdúrà. Ètè rẹ̀ kàn ń gbọ̀n. Ẹnikẹ́ni ò darí tiẹ̀.

"Mummy, ẹ má sunkún. Ebi ló ń pa mí."

Ìjọ fi mí jẹ́rìí iṣẹ́ ìyanu títí ọdún fi parí.

Lónìí, fídíò ìpolówó ni mò ń tò pọ̀ fún iléeṣẹ́ kan ní Woolwich. Bí ojú èèyàn bá dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú ẹ̀, ọ̀gá mi á ní kí n gé e, pé kò sẹ́ni tó máa dúró wò ó. Ọmọdé tí mo jẹ́ nígbà yẹn mú odindi ìjọ dúró láìla ẹnu. Èmi àgbà, kí ọ̀gá tó sọ̀rọ̀, mo ti gé e.