Ìjókòó Méjì Nínú Ọkọ̀ Òfurufú Ọ̀sán

Nígbà tí fóònù mi dún ní pápákọ̀ òfurufú Dubai, Àǹtí Síkírá wà ní ilé ìtọ̀, èmi sì ń ṣọ́ ẹrù wa. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ lù. London ni a ti ń bọ̀, Èkó ni à ń lọ, ọjọ́ kan ṣoṣo ni a sì fẹ́ lò ní Dubai kí a lè ra ọjà fún ṣọ́ọ̀bù, kí a sì rí ìlú náà díẹ̀. Bùọ̀dá Mùfú, ẹ̀gbọ́n Àǹtí tí wọ́n ń gbé ní Ìkòròdú, ni wọ́n pè. Fóònù tèmi ni wọ́n máa ń pè nígbà ìrìn-àjò, nítorí pé bí Àǹtí bá ti kúrò ní London, pípa ni wọ́n ń pa tiwọn.

"Ṣé Mofẹ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ṣé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ?"

"Rárá, sà. Wọ́n wà ní tọ́lẹ́ẹ̀tì."

Mo ń gbọ́ ohùn àwọn obìnrin lẹ́yìn Bùọ̀dá, mo sì rò pé àdúrà ni wọ́n ń ṣe.

"Ìyá wa ti lọ. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ni. Má sọ fún un o. O mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọ́ lẹ́nu. Tí ó bá gbọ́ ọ ní ìlú àjèjì, ìwọ nìkan ni yóò ṣubú lé lọ́wọ́. Bí ó bá béèrè, sọ pé ara Ìyá kò fi bẹ́ẹ̀ le, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹun."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"À ń retí Ràímì, àbúrò wa, láti Kánò lálẹ́ òní. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la ni a óò sin wọ́n. A kò lè dá òkú dúró ju ìyẹn lọ. Mo mọ̀ pé Síkírá kò lè bá a. Kó ṣáà délé ní àlàáfíà ná."

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà. London ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó nílò láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún mi. A kì í túfọ̀ fún ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà. Nígbà tí bàbá ìyá mi kú, "Máa bọ̀, Bàbá ń béèrè rẹ" ni wọ́n sọ fún Mọ́mì mi, orí ìjókòó nínú pálọ̀ ní Abẹ́òkúta ni wọ́n sì tó gbọ́ òótọ́.

Ó yẹ kí n sọ bí mo ṣe di ẹni tí ń bá Àǹtí Síkírá rìnrìn-àjò. Kọ́tìnì ni wọ́n ń rán. Ṣọ́ọ̀bù wọn kò jìnnà sí Woolwich Arsenal Station, ó sì há tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni méjì kò lè kọjá lára ara wọn àfi bí ọ̀kan bá fa ikùn wọlé. Láti ìgbà tí mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé àti nígbà ìsinmi ilé-ìwé. Mo ń wọn fèrèsé, mo sì ń gé aṣọ inú, ìyẹn aṣọ funfun tí a ń rán mọ́ ẹ̀yìn kọ́tìnì kí oòrùn má bàa jẹ́ kí ó ṣá.

Fèrèsé Mọ́mì Tóbi ní Barnfield Estate, níbi tí àwa náà ń gbé, ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n dá fi lé mi lọ́wọ́. Mo wọn ọ́n dé etí fèrèsé dípò kí n wọn ọ́n dé ilẹ̀. Nígbà tí a gbé kọ́tìnì náà kọ́, ó dúró sókè bí ṣòkòtò ọmọ tí ó ń yára ga. Mọ́mì Tóbi wò ó títí.

"Síkírá, ṣé odò ni kọ́tìnì mi fẹ́ là kọjá ni, tó fi ká ṣòkòtò sókè báyìí?"

Àǹtí bá wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi aṣọ mìíràn kún ìṣẹ́tí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà tí a padà dé ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n tó bá mi wí, kì í sì í ṣe nítorí àṣìṣe náà. Ohun tí ó bí wọn nínú ni pé mo ti fura láti orí tábìlì tí a ti gé e pé aṣọ náà kúrú, n kò sì wí nǹkan kan. Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n.

Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí Àǹtí sí. London ni wọ́n ti di ọmọ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sítì. Ìyá wọn kò bá wọn jà nítorí èyí, ṣùgbọ́n láti ọdún náà ni Ìyá kò ti gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ wọn mọ́. Gbogbo ohun tí Àǹtí bá fi ránṣẹ́, Ìyá á pín in fún àwọn ará ilé láì tú u wò. Àfi bí Ìyá fúnra wọn ṣe sọ lórí fóònù, ní oṣù tí ó ṣáájú ìrìn-àjò wa, pé, "Tí o bá ń bọ̀, ra ẹní ìkírun kan wá fún mi. Tèmi ti gbó." Kò sí oníbàárà tí ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ náà tí Àǹtí kò sọ ọ́ fún. Wọ́n sọ ọ́ fún ẹni tí ó wá ra ìkọ́ kọ́tìnì kan ṣoṣo.

Nígbà tí Àǹtí jáde ní ilé ìtọ̀, a lọ sí ibi tábìlì àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú wa láti béèrè nípa ẹrù. Ọmọbìnrin tí ó jókòó níbẹ̀ wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ aago mẹ́wàá àárọ̀ ọ̀la tí a fẹ́ wọ̀ ti kún jù, pé ìjókòó méjì ṣì wà nínú ti aago mẹ́ta ọ̀sán òní, bí a bá fẹ́ ẹ. A óò dé Èkó ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́.

Àǹtí yíjú sí mi. "Mofẹ́, kí lo rò? Ẹ̀gbọ́n mi ti pè?"

"Wọ́n pè, mà."

"Ìyá ńkọ́?"

"Wọ́n ní ara wọn kò fi bẹ́ẹ̀ le. Ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹun."

"Ìyá mi kẹ̀! Ìyẹn tí ibà kì í dí lọ́wọ́ iyán." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Tí wọ́n bá ti ń jẹun, kò sí wàhálà. Tí a bá lọ lónìí, ẹní ìkírun wo ni mo máa gbé dé iwájú wọn? Kọ́tìnì àwọn oníbàárà ńkọ́?"

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, wọ́n ní ti ọ̀la ni tiwa. Ọmọbìnrin náà wo ojú mi, bóyá nítorí pé ẹnu mi ṣì là sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì pe ẹni tí ó kàn.

A wọ takisí lọ sí Deira, níbi tí ọjà àtijọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. Ọkọ̀ onígi kéékèèké tí wọ́n ń pè ní ábírà ni ó ń gbé èèyàn kọjá sí òdìkejì, níbi tí àwọn aláṣọ pọ̀ sí. Àǹtí di apá mi mú ṣinṣin nínú rẹ̀.

"Ọkọ̀ ojú omi Woolwich dára ju èyí lọ," ni wọ́n wí. "Ìyẹn ń gbé ọkọ̀ akẹ́rù kò sì mì. Èyí, ẹni tó bá sín, gbogbo wa la máa wẹ̀."

Síbẹ̀, inú wọn dùn. Wọ́n ní kí n ya wọ́n ní fọ́tò.

"Ya èyí tí mo ti ń rẹ́rìn-ín o. Ìyá máa ń ní ojú mi le jù nínú fọ́tò."

Mo ya mẹ́fà. N kò tíì lè pa wọ́n rẹ́ nínú fóònù mi, n kì í sì í wò wọ́n.

Ní ọ̀dọ̀ àwọn aláṣọ, Àǹtí kọ́ mi ní ohun tí mo ti ń béèrè tipẹ́. Wọ́n ní a kì í fi ojú ra aṣọ kọ́tìnì. Wọ́n na etí aṣọ kan sókè sí iná láti wo bí ó ṣe fún sí, wọ́n fún un mọ́wọ́, wọ́n sì tú u sílẹ̀. Aṣọ tí ó bá rún tí kò tètè nà padà, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe rí lójú fèrèsé oníbàárà. Ọkùnrin tí ó ń tajà ti bá àwọn ará Èkó ṣòwò débi pé ó gbọ́ "Ẹ̀dínwó ńkọ́?" kí Àǹtí tó la ẹnu. Èmi ni ó yẹ kí n máa ka ìwọ̀n inú ìwé wa jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣì í kà.

"Ebi ló ń pa ọ́," ni Àǹtí wí, wọ́n sì ra ìrẹsì fún mi. Mo ń fi ṣíbí yí i kiri nínú abọ́.

Ṣọ́ọ̀bù ẹní ìkírun ni a lọ kẹ́yìn. Àǹtí kò kàn fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n tẹ́ wọn sílẹ̀, wọ́n sì kúnlẹ̀ lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bí wọ́n ṣe nípọn tó.

"Bí Pásítọ̀ bá yọjú síbí báyìí, ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ni fún mi." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lórí eékún wọn. "Eékún Ìyá ni mò ń rò. Ó ti ku egungun. Mofẹ́, àwọ̀ wo ni wọ́n máa fẹ́?"

"Àwọ̀ ewé, mà."

Wọ́n mú aláwọ̀ ewé. Aago ara ògiri ṣọ́ọ̀bù náà fi hàn pé ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́ta lù. Mo mọ̀ pé a kò lè bá ọkọ̀ ọ̀sán mọ́. Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé ara tù mí díẹ̀ nígbà náà, bí ẹni pé ẹlòmíràn ti bá mi pinnu ọ̀rọ̀ náà. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ sílẹ̀.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì létí omi. Àǹtí gbé ẹní náà lé itan wọn, wọ́n sì na ọwọ́ sí mi.

"Gbé fóònù rẹ wá. Jẹ́ kí n pe Ìyá kí n sọ pé mo ti rà á. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn wọn."

Mo di fóònù náà mú.

"Kí ló dé? Bátìrì ti kú?"

"Àǹtí, Ìyá ti kú."

Wọn kò pariwo. Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wo aṣọ tí wọ́n ti gé.

"Ta ló sọ?"

"Bùọ̀dá Mùfú."

"Ìgbà wo?"

"Nígbà tí ẹ wà ní tọ́lẹ́ẹ̀tì láàárọ̀."

"Ìgbà wo ni wọ́n máa sin wọ́n?"

"Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la."

Wọ́n wo aago ọwọ́ wọn. Aago mẹ́ta ti kọjá pẹ̀lú ogún ìṣẹ́jú.

"Mo bi ọ́, Mofẹ́. Níwájú ọmọbìnrin yẹn, mo bi ọ́."

"Wọ́n ní kí n má sọ, mà. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru yín..."

"Mo mọ ohun tí wọ́n ní. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn rí."

A padà sí pápákọ̀ náà. Àǹtí bẹ̀bẹ̀ ní tábìlì mẹ́ta. Kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé wa dé ṣáájú aago mẹ́sàn-án.

Ní ọjọ́ kejì, Bùọ̀dá Mùfú wá pàdé wa ní Èkó. Wọ́n ní ara ń ro Ìyá díẹ̀, kí a tètè máa lọ sílé. Mo rò pé Àǹtí yóò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nínú mọ́tò, láti Ìkẹjà títí dé Ìkòròdú, wọ́n ń béèrè bóyá Ìyá ti lo oògùn wọn, bóyá wọ́n ti jẹ nǹkan. Bùọ̀dá ń dáhùn, Àǹtí ń mi orí. Ìgbà tí a dé àgbàlá tí a sì rí àga tí wọ́n tò, ni Àǹtí tó dá ara wọn sílẹ̀, tí wọ́n ké bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Ilẹ̀ ibojì ṣì tutù. Wọ́n tẹ́ ẹní náà sórí ibùsùn Ìyá, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bùọ̀dá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n fi ọwọ́ kan orí mi.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ọmọ tí a tọ́ ni ọ́. Ọ̀rọ̀ kò já bọ́ lẹ́nu rẹ."

Àǹtí wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì gbọ́ ọ. Wọn kò tú àṣírí mi.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí a padà sí Woolwich, mo mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ láti dá a padà. Àǹtí kò gbà á. Wọ́n ṣí ìwé ìwọ̀n wa sí ojú ìwé tí ó kẹ́yìn, wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù kan síbẹ̀, wọ́n sì yí i sí mi. Ti Wálé ni, ọmọ wọn kan ṣoṣo, tí ó wà ní Kánádà.

"Lọ́jọ́ tí ó bá kàn mí, ẹ̀gbọ́n mi máa ní kí wọ́n má sọ fún un. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà máa sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ ni kí o pè é. Má bá a yí ọ̀rọ̀ po. Sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, lójú ẹsẹ̀, kí ó lè rí ọkọ̀ wọ̀."

"Àǹtí, ẹ máa pẹ́ láyé."

"Mo máa pẹ́. Kọ ọ́ sínú fóònù rẹ."

Mo kọ ọ́. Wọ́n ní kí n kà á padà. Mo kà á, wọ́n ń fi ìka tọ ọ́ lójú ìwé, wọ́n sì ní kí n tún un kà.