Percent Ti Kí Ni?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ percent!

Iṣẹ́ sikiọ́ríítì ni mò ń ṣe ní Dubai, àmọ́ Sharjah ni bedspace mi, bẹ́ẹ̀dì kan tí mo háyà nínú yàrá àjùmọ̀gbé, wà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi ti wú, ó ti sú mi. Nígbà tí ọ̀gá wa ní àwọn fẹ́ fi ìdánwò yan supervisor, mo ní tèmi ti dé nìyẹn.

Àǹtí Sìdí, tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lókè tèmi, ló ń bá mi múra sílẹ̀. A wà nínú bọ́ọ̀sì, a ti dé Al Mamzar, ló bá bi mí ní ìbéèrè kan. Èèyàn 200 wà nínú ilé, aláàmù iná dún, 20% sá jáde. Lẹ́yìn náà, 20% àwọn tó ṣẹ́ kù tún jáde. Mélòó ló kù nínú ilé?

Kíá, mo ní 120! Ṣebí ogún àti ogún, ogójì ni? 40% nínú 200, èèyàn 80 ló jáde nìyẹn. Bí a ṣe ń ka sale nìyẹn láwọn ṣọ́ọ̀bù Al Muraqqabat: wọ́n á kọ 20% + 20%, àwa á ní 40% ni, a ó sì máa yọ̀.

Àǹtí ò rẹ́rìn-ín rárá. "Àbúrò mi, 20% ti kí ni?"

Ó wá ṣàlàyé pé 20% àkọ́kọ́, ti 200 ni: èèyàn 40. Ó ku 160. Ti 160 yìí ni 20% kejì, kì í ṣe ti 200 mọ́: èèyàn 32. Àwọn tó kù jẹ́ 128.

"Èèyàn mẹ́jọ lo gbàgbé sínú iná yẹn. Wọ́n ní ìyá nílé o!"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ìbéèrè kan ní: èèyàn 300 wà ní hòtẹ́ẹ̀lì, aláàmù iná dún, 50% jáde, lẹ́yìn náà 50% àwọn tó kù jáde; mélòó ló kù? Ọwọ́ mi ti fẹ́ kọ òdo! Àádọ́ta àti àádọ́ta, ṣé kì í ṣe ọgọ́rùn-ún ni? Ilé ti ṣófo, khalas, ó ti parí, ká ti ilẹ̀kùn!

Ohùn Àǹtí ló dá mi dúró: ti kí ni? Mo tún un rò. 150 kọ́kọ́ jáde, ó ku 150. Ìdajì ìyẹn jáde, ó ku 75. Èèyàn 75 ni mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ sínú iná!

Mo yege. Àǹtí ń pariwo nínú yàrá wa, èmi ń sunkún.

Torí náà, kí ẹ tó ro percent kan mọ́ òmíràn, ẹ bèèrè pé ti kí ni. Ní tèmi, bí aláàmù bá dún lónìí, tí wọ́n ní gbogbo èèyàn ti jáde, mo máa ń tún wọn kà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ibo ni percent ti mú yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ojú ò ti èmi, kó má ti ẹ̀yin náà.