Ewéko Tó Gun Ògiri Ìjọ Wa

Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ń sọ fún àwọn ará ìjọ wa ní Peckham pé ọmọ mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ food science. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Òótọ́ tí mo ró ní ìró, tí mo wé gèlè fún ni. Bíà ló ń pọn. Èyí tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé ilé ìpọntí tó ti ń ṣiṣẹ́ fara ti ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, nínú ọgbà ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan lẹ́yìn Rye Lane. Ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Ní gbogbo Wednesday tí a bá ń ṣe ìpàdé àdúrà, òórùn ọkà tí wọ́n ń sè lódì kejì á rọra yọ́ wọlé, bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ìyá àgbà kan á ní ebi ti ń pa òun. Èmi á di ojú mi pinpin, bí ẹni tí àdúrà wọ̀ lára.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù March, ọmọ yìí bá mi ní kíṣìnnì.

"Mummy, mo need favour. It's about ògiri church yín."

"Kí ni ògiri ṣe ọ́?"

"Nothing. Oòrùn ẹ̀ ni a fẹ́."

Ó wá ṣàlàyé. Òdòdó kan wà tí wọ́n ń pè ní họ́ọ̀pù, tó máa ń gun okùn bí iṣu ṣe ń gun igi. Òun ló ń mú bíà korò, òun náà ló ń fún un ní òórùn dídùn. Obìnrin onímọ̀ kan ní Kent ń wá irú tuntun rẹ̀. Iṣẹ́ ìlú ni, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó máa kó o pamọ́. Èyí tó bá yọrí nínú wọn, àgbẹ̀ tó bá wù lè gbìn ín. Obìnrin náà fẹ́ kí àwọn apọntí kéékèèké gbin díẹ̀ sọ́dọ̀, kí wọ́n fi imú ara wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ilé ìpọntí tiwọn kò ní ògiri tó kọjú sí oòrùn. Àwa la ni ín.

"O fẹ́ kí n lọ bá Pásítọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ ká gbin bíà sára ilé Ọlọ́run?"

"It's not bíà yet, Mummy. Ewé lásán ni."

Lẹ́yìn ìsìn Sunday, a wọ ọ́fíìsì Pásítọ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀: òdòdó ni màá pè é, màá ní yóò bu ẹwà kún ilé, màá sì dìde. Pásítọ̀ gbọ́ mi tán, wọ́n kọjú sí ọmọ mi.

"Kí lẹ máa wá fi òdòdó náà ṣe?"

Mo tẹ ọmọ mi lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Bíà ni, sir," ló wí. "Mo ń pọn bíà. Next door."

Mo wolẹ̀, ilẹ̀ kò lanu. Pásítọ̀ yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún títí.

"Họ́ọ̀pù yìí," ni wọ́n wá wí, "ṣé akọ rẹ̀ dá dúró, abo rẹ̀ dá dúró, bíi ti ìbẹ́pẹ?"

Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé iṣẹ́ ọ̀gbìn ni Pásítọ̀ kọ́ ní Abẹ́òkúta kí wọ́n tó gbọ́ ìpè. Wọ́n bi ọmọ mi ní ìbéèrè títí òógùn fi bò ó. Nígbà tó yá, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Èmi ò ní mu ún o. Ṣùgbọ́n òórùn yín ti ń wọlé tọ̀ wá láti ọjọ́ yìí. Kí oòrùn wa náà máa jáde tọ̀ yín. Ẹ ṣáà gbé ọkà sísè yẹn kúrò ní Wednesday." Wọ́n wá wò mí. "Ẹ̀yin lẹ máa bomi rin ín, Mummy Food Science."

Obìnrin onímọ̀ náà, tí ọmọ mi ń pè ní Dọ́kítà, gbé igi họ́ọ̀pù mẹ́rin wá. Obìnrin kékeré ni, ilẹ̀ wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Nọ́ńbà ló wà lára igi kọ̀ọ̀kan, kò sí orúkọ. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀.

"Tí mo bá ń sọ wọ́n lórúkọ, ẹkún ni yóò pa mí," ló wí. "Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni mo máa fà tu."

Ó ní òun máa ń gbọn ẹ̀tù ara òdòdó akọ kan sára abo tí irú rẹ̀ yàtọ̀, òun á sì gbin èso tó bá tibẹ̀ wá. Kò sí méjì tó máa ń jọra, bí ọmọ ìyá kan náà: ọ̀kan ga, ọ̀kan kúrú, ọ̀kan ò sì ní yé bá ọ jiyàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò fi máa ṣà wọ́n. Àánú wọn ṣe mí. Àwa tí a kì í jẹ́ kí ọjọ́ kẹjọ kọjá lórí ọmọ! Bó ṣe lọ tán, mo sọ wọ́n lórúkọ: Jẹ́jẹ́, Ìyàwó, Alágídí àti Wàhálà.

Ọdún àkọ́kọ́, wọn ò so nǹkan kan gidi. Ní ọdún kejì, kí n tó ti ilé-ìwé tí mo ti ń dáná ní East Dulwich dé, wọ́n á ti ga ju bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀ láàárọ̀ lọ. Alágídí gba ojú fèrèsé wọ kíláàsì àwọn ọmọdé.

Nígbà tó di September, Dọ́kítà dé. A ká àwọn òdòdó náà, a ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra wọ́n, a ń gbóòórùn. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ mi lẹ́nu iṣẹ́ ń dárúkọ èso òyìnbó lóríṣiríṣi. Ọ̀wọ̀ lásán ni wọ́n fi bi èmi náà. Wọn ò mọ̀ pé ẹja tó bá ti pẹ́ lórí àtẹ ní Rye Lane, imú mi ló máa ń tú àṣírí rẹ̀.

Jẹ́jẹ́ kò rùn, kò ta sánsán. Omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì ni. Mo gbé Ìyàwó sí imú, mo pariwo.

"Efinrin!"

Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Mo ní kí wọ́n dúró dè mí. Mo yára rìn dé Rye Lane, mo ra ìdì efinrin kan, mo kó o lé Dọ́kítà lọ́wọ́. Ó gbóòórùn ọ̀tún, ó gbóòórùn òsì, ó jókòó sórí àgbá.

"Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀?"

Mo ní Alágídí ń rùn bí àlùbọ́sà. "Ẹ pẹ́ kí ẹ tó ká eléyìí."

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. "Mummy, ẹ ò kì í mu ún now."

Dọ́kítà kò rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ ni wọ́n sọ. Tó bá pẹ́ jù lórí okùn, bó ṣe máa ń rùn nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló yẹ ká ti ká a." Ọmọ mi tún gbé e sí imú.

Ó wá ku Wàhálà. Irú ni, irú tó jinná dáadáa! Gbogbo wọn fò sẹ́yìn. Dọ́kítà fa ìlà gba orí nọ́ńbà rẹ̀.

"Ẹ dúró ná!" ni mo wí. "Ọbẹ̀ wo ló dùn tí kò ní irú?"

"Nínú ọbẹ̀, mo gbà. Ta ló fẹ́ mu ún?"

Wọ́n fa Wàhálà tu lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì bú sẹ́kún. Lórí ewé!

Ìyàwó ni wọ́n fi pọn bíà díẹ̀. Ọmọ mi gbé ife kan wá sílé.

"Kàn gbóòórùn ẹ̀, Mummy."

Mo gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ìyá mi ní Ìjẹ̀bú ni, lẹ́yìn òjò. N kò mu ún. Ṣùgbọ́n mo wo ojú ọmọ mi, mo ní, "O káre. Iṣẹ́ rẹ dára." Ó kàn ń fi ìka nu ẹnu ife náà yíká.

Ní Sunday tó tẹ̀lé e, arábìnrin kan tún bi mí léèrè iṣẹ́ ọmọ mi.

"Bíà ló ń pọn," ni mo wí. "Ó sì mọ̀ ọ́n pọn."

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ṣé wọ́n ń gba èèyàn síṣẹ́ níbẹ̀? Ọmọ tèmi ti wà nílé láti Christmas."

Ìyàwó ti kúrò lára ògiri báyìí. Wọ́n ti gbin irú rẹ̀ sí oko àwọn àgbẹ̀ méjì ní Kent láti wò ó bóyá yóò yè. Kò tíì lórúkọ lọ́dọ̀ wọn. Dọ́kítà máa ń ránṣẹ́ pè mí ní September láti wá fi imú ṣiṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá, Pásítọ̀ ní àwọn á bá mi lọ. Wọ́n wọ kóòtù, wọ́n ń rìn láàárín họ́ọ̀pù tó ga bí òpó iná, wọ́n ń béèrè, Dọ́kítà ń dáhùn, títí rélùwéè fi lọ mọ́ wa lọ́wọ́. A jókòó sí ibùdókọ̀ kékeré kan, à ń jẹ dòdò tí mo dì dání, Pásítọ̀ sì ń yàwòrán sẹ́yìn ìwé ìkéde ìjọ, wọ́n ń fi akọ họ́ọ̀pù tó yẹ kí wọ́n fún Ìyàwó hàn mí.