Ọmọ Tí Wọ́n Ní Ó Ti Kú

Bàbá Ẹ-Jẹ́-Ká-Wádìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Òun ló ń mójú tó ọ̀rọ̀ wọn ní yunifásítì náà, iṣẹ́ tí kì í jẹ́ kí orí èèyàn tutù. Ẹjọ́ yòówù kí wọ́n gbé dé ọ́fíìsì rẹ̀, gbólóhùn kan náà ni yóò kọ́kọ́ sọ. Àwọn ọmọ a máa fi sín in jẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní tiwọn gbà pé ojo ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà lábẹ́ tábìlì kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti wú lè sinmi, ni akọ̀wé rẹ̀ bá já wọlé.

"Sà, wọ́n ní ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ti lu akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan pa. Wọ́n ti ń kó táyà lọ síbẹ̀."

"Ta ló rí òkú?"

"Gbogbo wọn ló ń sọ ọ́, sà."

"Kì í ṣe ohun tí mo bi ọ́ nìyẹn."

Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà padà. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán lórí àtẹ̀gùn tí ọ̀gá àgbà yunifásítì fi pè é lórí fóònù pé òun fẹ́ ránṣẹ́ pe sójà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Tí ìbọn bá fi lè dé ibẹ̀, òkú tí kò sí tẹ́lẹ̀ á wà."

Ọ̀gá náà mí kanlẹ̀. Ó ní kó yára.

Èrò ti bo ẹnu géètì bí eṣú, ẹ̀ṣọ́ náà sì ti ti ara rẹ̀ mọ́ inú ilé ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n hó lé e lórí. Ẹnì kan ní kí Bàbá lọ sùn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin náà, tí ẹkún ti mú ojú rẹ̀ wú, ló fà á sẹ́yìn. Ó ní ẹ̀ṣọ́ náà ti ọ̀rẹ́ òun ṣubú láàárọ̀ nítorí káàdì ìdánimọ̀, ẹ̀jẹ̀ jáde, ọlọ́kọ̀ kan gbé e lọ, fóònù rẹ̀ kò sì lọ mọ́.

"Ṣé ó ní ẹbí nítòsí?"

"Àǹtí rẹ̀ ń gbé lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, sà."

Ibẹ̀ ló wa mọ́tò lọ. Ó bá ọmọ tí wọ́n ní ó ti kú lórí àga gígùn, wọ́n di orúnkún rẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì. Bàbá jókòó láìtíì gba àyè.

"Dìde, ìyá mi. Nítorí tìẹ ni wọ́n ṣe fẹ́ dáná sun ẹnì kan."

"Ọmọ mi ò lọ síbi ìjà kankan," àǹtí rẹ̀ dáhùn láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ bá wa lọ, ẹ̀yin náà. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá sálúbàtà rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi dé, ilé ẹ̀ṣọ́ ti ń jó, wọ́n sì ti wọ́ ẹ̀ṣọ́ náà jáde sílẹ̀ láàárín èrò. Ọmọ náà tiro sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. "Èmi rèé," ó ní. Àwọn tó wà níwájú dákẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn tó dákẹ́. Òkúta ń bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sọ pé amí ọ̀gá àgbà ni Bàbá. Ọ̀gá àgbà ní Bàbá ló fà á tí ilé ẹ̀ṣọ́ fi jóná, torí kò jẹ́ kí òun pe sójà. Ọ̀tún ò gbà á, òsì ò gbà á.

"Ṣé ẹnì kan tiẹ̀ dúpẹ́?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ó ti rẹ̀ mí, ìyá àwọn ọmọ. Jẹ́ n jẹun."

Ó lọ wo ẹ̀ṣọ́ náà nílé ìwòsàn. Apá rẹ̀ ti kán, ojú rẹ̀ kan kò ríran dáadáa mọ́. 

"Mo tì í lóòótọ́, sà. Inú ló bí mi."

"Ohun tí wàá sọ fún ìgbìmọ̀ ìwádìí tí yunifásítì gbé kalẹ̀ nìyẹn. Má yọ nínú rẹ̀, má fi kún un."

"Wọ́n á lé mi."

"Ó ṣeé ṣe," Bàbá sọ.  Ó gbé ife omi, ó sì dì í mú sẹ́nu ẹ̀ṣọ́ náà títí tó fi mu ún tán.