Aago Tí Ìyá Mi Yà

Dókítà kan wá láti Cotonou, ó ń ṣe ìwádìí lórí ìgbàgbé àwọn àgbàlagbà ní Parakou. Faransé ló ń sọ. Èmi ni mo ń bá a túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Òfin kan ṣoṣo ló fún mi: "Ohun tí mo bá bi wọ́n gẹ́lẹ́ ni kí ẹ bi wọ́n. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ kúrò nínú rẹ̀."

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ó kan ìyá mi. Láti ìgbà tí bàbá mi ti fẹ́ wọn wá láti Ìlọrin ni wọ́n ti ń ta aṣọ ní ọjà Arzèkè. Wọ́n jókòó sórí ẹní nílé wa ní Albarika, wọ́n da ìborùn òde borí.

"Oṣù wo la wà yìí?"

"Rájàbù. Oṣù kan ló kù láàárín wa àti oṣù ààwẹ̀."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Dókítà wo ìwé rẹ̀, ó fagi lé e.

"Ọdún wo?"

"Ọdún kẹta tí bàbá ọmọ yìí ti papò dà."

Ó tún fagi lé e. Ọ̀rọ̀ dé ètè mi, mo rántí òfin, mo gbé e mì.

Ó na bírò sí wọn pé kí wọ́n ya aago. Ìyá mi ò lọ iléèwé rí. Wọ́n di bírò náà mú bí abẹ́rẹ́. Wọ́n ya òbìrí kan, wọ́n fi àmì márùn-ún yí i ká, wọ́n dá bírò padà.

"Ìgbàgbé ti wọ̀ wọ́n lára," ni dókítà wí fún mi níta. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa dá sọdá títì mọ́."

Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé mo gbà á gbọ́. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń ṣọ́ ìyá mi bí ọmọ ọwọ́. Mo ní kí wọ́n má lọ sọ́jà. Bí wọ́n bá ṣèèṣì fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí, àyà mi á já.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Kí ni ọkùnrin yẹn sọ nípa mi?"

"Ó ní ẹ ti ń gbàgbé nǹkan, Màmá."

"Kí ni mo gbàgbé?"

Mo sọ ọ́. Wọ́n wò mí títí. "Ṣé oṣù tí mo pè kọ́ la wà ni? Ìrun márààrún ni mo fi sí aago yẹn. Òun ni mo fi ń mọ ìgbà. Ìwọ tí o jókòó síbẹ̀, kí ló dé tí o ò bi mí?"

Mo wọ bàtà mi. Mo gba àdúgbò Banikanni lọ bá dókítà ní ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, oṣù wo la wà lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí?"

"Mi ò mọ̀."

"Ṣé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìgbàgbé ń dà yín láàmú?"

Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ìwé ìbéèrè yìí ni gbogbo ayé ń lò!" Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó fa àwọn ìwé yòókù jáde, ó ní kí n jókòó. A kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àgbà kan lẹ́yìn òmíràn, oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n fi dá a lóhùn, ó sì ti fagi lé gbogbo rẹ̀. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

Ó padà wá bẹ ìyá mi, ó sì bi wọ́n ní ìbéèrè mìíràn. Nǹkan kan péré ni wọ́n gbàgbé, ó ní bó ṣe yẹ ọjọ́ orí wọn nìyẹn. Wọ́n dárí jì í kíákíá.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n múra ọjà. Mo nawọ́ láti bá wọn gbé ẹrù aṣọ.

"Fi sílẹ̀," ni wọ́n wí. Alábàárù ni wọ́n pè.