Iyọ̀ Tí Mo Bù fún Akàn

Lọ́dún tí mo jáde fọ́ọ̀mù fáìfù ní Ṣakí, èsì báyọ́lọ́jì mi burú débi pé mo lọ ń wá iṣẹ́ láàbù nílé ìwé wa. Mo rò pé tí mo bá ń fọ ìgò ibẹ̀ lójoojúmọ́, ìmọ̀ á máa ta sí mi lára. Ọ̀gá ilé ìwé ní kò burú: kí n mú akàn kan wá lọ́jọ́ Ajé, kí n fi han àwọn ọmọ kíláàsì kẹta pé òórùn ló fi ń wá oúnjẹ. Tí akàn bá ti ṣe é, iṣẹ́ di tèmi.

Àtimú akàn kò ṣòro. Mo ki ọwọ́ bọ ihò létí odò, òun ló kọ́kọ́ mú mi. Ohun tó dà mí láàmú ni pé mo rántí, tàbí mo rò pé mo rántí, pé iyọ̀ inú òkun ló ń jẹ́ kí irun kéékèèké iwájú orí akàn gbóòórùn. Odò tiwa kò sì níyọ̀. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Látọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ọ̀fìnkìn ló ń bá a jà!

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbé akàn dé kíláàsì nínú báàfù olómi, mo da iyọ̀ sí omi náà, mo tọ́ ọ wò, mo tún bù sí i. Mo wá ju irú sí igun kan, torí kò sóhun tó ń rùn jù ú lọ nílé wa, àfi bàtà mi.

Àwọn ọmọ yí wa ká. Akàn ń gun ẹ̀gbẹ́ báàfù, ó fẹ́ sá lọ. Mo tì í padà. Ó tún gùn ún.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ti sọ fún un pé oúnjẹ ni?" ọmọbìnrin kan bi mí.

Ọ̀gá ki ìka bọ omi, ó fi kan ahọ́n. "Kí lo fi síbí?"

"Iyọ̀ ni, sà. Kó lè gbóòórùn dáadáa ni."

"Omi, iyọ̀, irú, akàn. Ata ló kù! Ṣé ọbẹ̀ lò ń sè fún wa ni?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n dà á nù, kí n bu omi odò lásán, kí n fi irú tuntun sí i. Kò pẹ́, akàn bẹ̀rẹ̀ sí í ju irun iwájú orí ẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ rìn lọ bá irú.

"O rí i?" ni ọ̀gá wí. "Inú ara ẹ̀ ni akàn odò ń tọ́jú iyọ̀ sí. Ibẹ̀ ló ti ń fún irun yẹn níyọ̀ tiẹ̀, ìdí nìyẹn tí omi tí kò níyọ̀ kì í fi bà á jẹ́. Kò bẹ̀ ọ́ níṣẹ́."

"Ó ṣáà ti ṣe é, sà. Ṣé iṣẹ́ ti di tèmi?"

Ọ̀gá tún fi ìka ẹ̀ kan ahọ́n. "Iyọ̀ yẹn ṣe déédé," ó ní. "Lọ rí ìyá tó ń dáná fún àwọn ọmọ tó ń sùn nílé ìwé."

Àwọn ọmọ dá akàn padà sódò. Èmi bó iṣu fún ọdún méjì gbáko.